Bí A Ṣe Ń Pa Àgbà Akọ Tòlótòló Igbó Tó Ti Gbọ́n

Mo sọ ọ́ ní Baálẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ oṣù kẹrin, láti orí igi páìnì kan létí odò kékeré ní àárín gbùngbùn Georgia ní Amẹ́ríkà, ni yóò ti ké títí igbó yóò fi mì tìtì. Abo mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin, á fò sílẹ̀ lọ bá a bí ẹni tó ń lọ kí baálẹ̀ láàárọ̀. Èmi náà á wà ní ìdí igi tèmi, màá máa fi àpótí onígi tí mo rà han bí abo. Á dá mi lóhùn. Màá tún han, á tún dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò kó àwọn ìyàwó rẹ̀, wọn á gba ibi tí mo kọ ẹ̀yìn sí lọ. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe mí báyìí.

Bàbá mi, tí wọ́n dọdẹ ní Òkè-Ògún títí ojú wọn kò fi ríran lóru mọ́, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò fún wọn lórí fóònù. "Tòlótòló? Tòlótòló tí à ń pa lọ́dún Kérésì ló sọ ìwọ ọmọ ọdẹ di ẹlẹ́yà?" Mo ní kí wọ́n má bínú, orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra.

Akọ ọmọ ọdún kan tàbí méjì, ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lè pa á. Ti àgbà tí ìbọn ti tàsé rí, tó ti gbọ́ gbogbo irú ìpè tó wà lọ́jà, ni mò ń kọ síbí. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ lọ wà níbi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ, kí ẹ sì dín ọ̀rọ̀ kù. Bí a ṣe ń ṣe é ló wá gùn.

Ìwé ṣáájú ìbọn

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tirẹ̀, ó sì ń yí padà, nítorí náà ẹ ka ti ọdún tí ẹ wà gan-an. Ní Georgia níbi tí mo wà, ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1961 wá gbọ́dọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ ààbò ọdẹ kó tó lè ra láísẹ́ǹsì. Akọ méjì péré ni ẹnì kan lè pa ní ìgbà ìrúwé kan láti ọdún 2022, nígbà tí wọ́n dín in kù láti mẹ́ta. Abo kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá pa akọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24 lórí Georgia Game Check, ètò tí wọ́n fi ń gba ìròyìn ẹran tí ọdẹ pa. Ní New York, ọ̀sán gangan ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìbọn sílẹ̀ ní ìgbà ìrúwé, bí ẹyẹ náà tilẹ̀ ń yan bọ̀ níwájú yín.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn èèyàn wa tí kò tíì gba green card: ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó mú ìbọn dání, àfi tó bá wà lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó bi ẹni tó ń ta ìbọn.

Bí oko bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko lójúkojú. Èmi gbé oúnjẹ dání lọ. Bàbá àgbà tó ni oko tí mo ti bá Baálẹ̀ pàdé jẹ ẹran mi, ó mu omi lé e, ó ní ata náà pọ̀, ó sì fún mi láyè.

Irú ẹyẹ tí ẹ ń bá jà

Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, kì í ṣe níwájú. Láìyí ọrùn rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán. Bó bá wá yí i díẹ̀, kò ku ibì kan. Ó mọ àwọ̀, ó sì ń rí kí ìka ọwọ́ mì láti ìsàlẹ̀ pápá lọ́hùn-ún. Etí rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ han lẹ́ẹ̀kan péré, á mọ ìdí igi tí ohùn ti jáde. Imú ni kò ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ má dààmú nípa atẹ́gùn bí ẹni tó ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Mo ti jẹ dòdò ní ìdí igi rí, kò dí wa lọ́wọ́.

Ìfura rẹ̀ kì í ṣe àkọ́mọ̀ lásán. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ìbọn àti gígé igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti sin ọmọ rẹ̀ nínú àgọ́ kí wọ́n tú u sígbó, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò mọ bí a ti ń sá, wọ́n run. Ọdún 1951, ní South Carolina, ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọ̀n tí wọ́n ń yìn bí àgbá mú àwọn tí wọ́n bí sígbó, tí wọ́n sì ń kó irú wọn lọ tú sí ibòmíì. Àwọn wọ̀nyẹn ló yè, àwọn ló bí èyí tí ẹ ń gbọ́ lónìí.

Kí ẹ mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé: bó bá tẹ́ ìrù, ti ọmọdé ga ní àárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ti àgbà rí kiribiti bí abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun. Irun tó ń rọ̀ láyà ọmọdé kò ju ìka ọwọ́ lọ; ti àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ wo ohun ṣóńṣó tó yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti àkùkọ. Bó bá ti ju íǹṣì kan lọ, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Ẹ máa wò, ẹ má pè

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbà ọdẹ tó ṣí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ohun ìpè sílẹ̀ nílé, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é tí ẹ kò pa á, ẹ̀kọ́ ni ẹ kọ́ ọ. Ilẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Imí akọ gùn, ó sì tẹ̀ ní ìdí bí ìwọ̀ ẹja. Ti abo ká jọ bí ìgbín. Níbi tó bá ti ń yan, ẹ óò rí ojú ẹsẹ̀ láàárín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lọ́tùn-ún lósì níbi tó ti ń fa ìyẹ́ apá nílẹ̀. Irú ibẹ̀ yẹn níye lórí ju igbe lọ. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ọkọ̀ agégi ń gbà, etí pápá tí koríko rẹ̀ kúrú, orí òkè kékeré tí igi óákù wà: ẹ sàmì sí i.

Lẹ́yìn náà ni ibi tó ń sùn. Lórí igi ló ń sùn, kì í sì í ríran dáadáa lóru. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ẹ dúró lókèèrè kí ẹ dún bí òwìwí. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé tí wọ́n ti ń sin tòlótòló mọ eléyìí dáadáa: ẹ sú ìfé, tàbí kí ẹ kígbe mọ́ ọn, ó di dandan kó dá yín lóhùn, kò mọ ìdí, ẹnu rẹ̀ ló ń yá. Ti inú igbó náà ní àìsàn yẹn. Òwìwí bá ké, ìwò bá ké, ààrá bá sán, yóò dáhùn kó tó rántí ara rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tó bá dáhùn ni kí ẹ padà sílé. Ẹ ti mọ igi rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹ wá.

Ìbọn, aṣọ àti ẹ̀mí yín

Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ni, gauge (ìwọ̀n fífẹ̀ ihò ìbọn) 12 tàbí 20. Orí àti ọrùn nìkan ni à ń yìn ín sí, ara rẹ̀ ní ìyẹ́ àti egungun tó lè gba ọta dúró. Ẹ gbé páálí kan sí yáàdì 40, ẹ ya orí tòlótòló sí i, ẹ yìn ín, kí ẹ ka iye ihò tó wà lórí àti ọrùn. Ẹ pààrọ̀ kàtíríìjì títí tí ẹ óò fi rí èyí tí ìbọn yín fẹ́ràn. Bí ọta kò bá kún orí náà ní 40, ibi tó bá ti kún ni òpin yín, ì báà jẹ́ 25. Bàbá mi lo ṣakabùlà fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì ní ìbọn tí ẹni kò bá dán wò, òun náà lè dán ẹni wò.

Aṣọ kámò aláwọ̀ igbó bíi ti sójà látòkè délẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìbojú. Ojú èèyàn a máa dán nínú igbó, tiwa dúdú náà a máa dán bó bá làágùn. Ẹ má wọ ohunkóhun tó jẹ́ pupa, funfun tàbí búlúù, kódà ìbọ̀sẹ̀, kódà áńkáṣíìfù, nítorí àwọ̀ mẹ́ta yìí ló wà lórí akọ tòlótòló, ọdẹ mìíràn sì lè wà nítòsí tí ojú ń kán. Ẹ jókòó ti igi tó fẹ̀ ju èjìká yín lọ, kí ẹ̀yìn yín ní ààbò. Bí ẹ bá gbọ́ igbe, ẹ má yọ́ lọ bá a. Ó lè jẹ́ pé ọdẹ ẹgbẹ́ yín ló ń ké. Bí ẹ bá rí èèyàn tó ń bọ̀, ẹ má juwọ́, ẹ má han: ẹ la ẹnu kí ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Inú àpò aláwọ̀ ọsàn ni kí ẹ gbé òkú ẹyẹ sí nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Èyí kì í ṣe àṣejù, èèyàn ti kú bẹ́ẹ̀.

Ère abo tòlótòló tí wọ́n ń tà wúlò ní gbangba pápá. Nínú igbó, fún àgbà, èmi kì í lò ó.

Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ dé ìdí igi yín ó kéré tán wákàtí kan kí oòrùn tó yọ. Ẹ má tan iná. Ẹ jìnnà sí igi tó ń sùn tó yáàdì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò sí odò, wáyà tàbí kòtò láàárín yín. Mi ò mọ ìdí tí ẹyẹ tó lè fò kò fi ní fo odò tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n yóò dúró létí rẹ̀ títí ọ̀sán. Ẹ wà lórí ilẹ̀ tó bá tirẹ̀ dọ́gba tàbí tó ga jù ú lọ. Ẹ ká eékún sókè, ẹ gbé ìbọn lé e, kí orí ìbọn kọjú sí apá òsì díẹ̀ bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ fi ń yìn, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni ara yín ti lè yí jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí eégbọn jẹ yín.

Ṣíṣe yàngà

Ní ti ẹyẹ yìí, abo ló ń lọ bá akọ. Akọ á dúró sójú kan, á tẹ́ ìrù, á máa yan, á máa ké, abo á sì tọ̀ ọ́ wá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá jókòó tí ẹ ń pè é pé kó máa bọ̀, ohun tí ìran rẹ̀ kì í ṣe ni ẹ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ọmọdé tí kò rí abo fẹ́ á sáré wá. Àgbà á dúró ní yáàdì 80, á ní kí abo náà jáde kóun rí i. Bí kò bá rí i, ó ti mọ ohun tó wà nídìí igi.

Ẹ wá ṣe yàngà fún un. Gbogbo wa la mọ ọmọbìnrin àdúgbò tó máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó ti fèrèsé. Òun ni kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Irinṣẹ́ pọ̀. Box call, àpótí pẹlẹbẹ tí ìdérí rẹ̀ ń họ etí rẹ̀ tó fi ń han, ni ó rọrùn jù. Ọdún 1897 ni Henry Gibson, ará Arkansas, ti gba ìwé àṣẹ ìjọba lé tirẹ̀. Pot call wà, òkúta pẹlẹbẹ tí à ń fi igi kékeré fà. Èyí tí à ń fi sẹ́nu dára jù nígbà tó bá sún mọ́, nítorí ọwọ́ wà lára ìbọn. Bí gbogbo ọdẹ agbègbè yín bá ń lo box call, ẹ lo òmíràn. Àgbà mọ ohùn àpótí bí ẹ ti mọ ohùn onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà.

Ìró mẹ́ta péré ló pọn dandan. Èkíní ni "kyóò, kyóò", ìpè abo. Èkejì ni "kọ́k" kan ṣoṣo, bí ẹni ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹ̀kẹta ni "púrúrú" tó ń ṣe bó bá ń jẹun lọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, nígbà tó ṣì wà lórí igi, ẹ ṣe "kyóò" mẹ́ta jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Bó bá ké lé e, ẹ gbé ohun ìpè sílẹ̀. Ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ jẹ́ kó yún yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ fọ́n fùùfùù bọ́ sílẹ̀, ẹ ṣe márùn-ún sí i, díẹ̀ sókè, kí ẹ tún dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú.

Láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ewé ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìka mẹ́ta họ ewé gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín: lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ wá họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Fàà... fà-fà. Abo tó ń họlẹ̀ jẹun máa ń fi ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ kó tó fi èkejì kún un, lẹ́yìn náà ló ń dúró láti wo ohun tó hú jáde. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń họ ọ́ láìdánudúró, bí ẹni ń gbálẹ̀ ni wọ́n ń dún. Ó tó ọdún kan gbáko kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bó bá dúró tí kò wá

Bó bá jẹ́ pé abo ló yí i ká, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kọjú sí abo tó le jù nínú wọn. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ sọ ọ́ padà fún un, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Inú á bí i, á wá wo obìnrin tó ń bú u, ọkọ á sì tẹ̀ lé e. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí abo náà kó ọkọ rẹ̀ sá lọ.

Bó bá dúró lókèèrè tó ń ké sí yín, ẹ mú ọ̀rẹ́ kan dání. Kí ọ̀rẹ́ wà ní yáàdì 50 lẹ́yìn yín, kí òun máa han, kó sì máa rìn lọ sẹ́yìn bí abo tó ti sú. Akọ tó dúró ní 80 sí ọ̀rẹ́ yín ti dúró ní 30 sí yín.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fọkàn sí jù ni aago. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lọ jẹun ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán ni abo ń yọ́ kúrò lọ yé ẹyin, tí Baálẹ̀ á ṣẹ́jú tí yóò rí i pé òun nìkan ló kù láàfin. Nígbà yẹn ló ń rántí abo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó gbọ́ láàárọ̀. Kì í ké bó bá ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má tíì gbé ẹrù yín, ẹ má dìde láti na ẹsẹ̀.

Bó ṣe parí ní ọdún kẹta

Mo ti fi ibi igi rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ojú ọ̀nà agégi tí mo ti rí ìlà ìyẹ́ rẹ̀ ni mo lọ jókòó sí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mo ṣe "kyóò" mẹ́ta, mo họ ewé, mo dákẹ́. Ó lé ní wákàtí kan. Eégbọn kan gun ọrùn mi, mo ń kà á bó ti ń gbẹ́sẹ̀.

Kí n tó rí i ni mo ti gbọ́ ọ, tàbí kí n ní àyà mi ló gbọ́ ọ: "ṣíì... hùùùm", bí ìgbà tí lọ́rì kan ń kọjá lókèèrè. Ó ń yan bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, apá ibi tí mi ò lè yí sí. Mi ò mí. Nígbà tó kọjá lẹ́yìn igi óákù ńlá kan tí orí rẹ̀ pamọ́, mo yí ìbọn. Ẹ má yí i nígbà mìíràn ju ìgbà yẹn lọ. Ó jáde pẹ̀lú ìrù tó tẹ́, ọrùn rẹ̀ ká wọnú ìyẹ́. Ẹ má yìn ín bẹ́ẹ̀; ọrùn tó ká kò hàn tó. Mo ṣe "kọ́k" kan pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́nu mi. Ó pa ìrù dé, ó na ọrùn sókè gbọọrọ láti wò mí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹyẹ tàbí èèyàn mìíràn wà níbẹ̀, mo fi ojú ìbọn sí ibi tí ìyẹ́ ti pàdé awọ ọrùn, mo yìn. Nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ ìgbésẹ̀ 27.

Ẹ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ti ìbọn pa kí ẹ tó sáré. Ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun ṣóńṣó yẹn lè ya ọwọ́.

Ẹran àyà rẹ̀ ṣeé sun bí súyà bí ẹ kò bá jẹ́ kó gbẹ. Ẹsẹ̀ àti itan le bí okùn, nítorí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn. Ìkòkò amúǹkan-tètè-jinná fún wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ tó wá fi se ẹ̀fọ́ rírò. Mo gbé abọ́ kan lọ fún bàbá àgbà olóko. Lọ́tẹ̀ yìí ó béèrè èyí tó kù.

Ẹ má ju egungun apá nù. Mẹ́ta wà nínú apá kan tó ń wọ inú ara wọn: ẹ sè wọ́n, ẹ gé orí àti ìdí, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ láti kékeré sí ńlá. Ẹ óò fi ètè fà á bí ẹni ń fi ẹnu ko èèyàn, yóò sì han. Ti abo ló ń dún dáadáa jù, ti akọ wúwo lóhùn díẹ̀. Ti Baálẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná wa. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún fi dánra wò ní aago márùn-ún àárọ̀, òun á gbé èmi àti egungun síta.